Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ti oníkẹ̀kẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde: níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò kan tí kò jìnnà sí Fọlágbádé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Lọ́dún tó kọjá ọ̀kadà gbá ọmọ iléèwé kan nítòsí wa, ìyá àgbàlagbà kan náà sì já sínú gọ́tà lálẹ́. A ti dá owó díẹ̀ jọ, ọmọ àdúgbò wa kan tó wà lókè òkun sì ṣèlérí pé òun yóò fi kún un. Òun ló ní ká kun ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ológere aláwọ̀ ewé sí ẹ̀gbẹ́ títì bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́hùn-ún. Àwọn mìíràn láàrin wa ní kò sẹ́ni tó ń gun kẹ̀kẹ́ mọ́ ní Ìjẹ̀bú. Kí ni ká kọ́kọ́ ṣe, kí owó náà má bàa bómi lọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú akitiyan, ẹ̀yin akọ̀wé wa. Ẹ bá mi kí àwọn òbí ọmọ yẹn àti ìyá wa tó já sí gọ́tà, wọ́n kú ewu o. Ìdáhùn mi nìyí: ẹ má tíì ra ọ̀dà. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ń gbà tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí ibẹ̀ ṣeé rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kẹ̀kẹ́ yóò bá wọn gba ibẹ̀.

Mo mọ ìdí tí ọmọ yín tó wà lókè òkun fi sọ ohun tó sọ. Ohun tó ń rí lójoojúmọ́ ló wí, owó tó sì fẹ́ fi ṣe é, ìfẹ́ ìlú ló mú un wá. Ṣùgbọ́n ọ̀dà kì í dá táyà dúró. Bí ẹ bá kun ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ Fọlágbádé lónìí, kó tó di ọ̀sán, Màrúwá á ti tò síbẹ̀ tí wọ́n ń pe èrò, ẹni tó ń já ẹrù sí ṣọ́ọ̀bù á sì ti páàkì lé e. Lójú títì ńlá, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kò wúlò àfi bí ohun líle bá wà láàrin òun àti mọ́tò. Ìyẹn ń gba àyè tí ọ̀pọ̀ títì àárín ìlú wa kò ní: ó kéré tán mítà 1.5 fún ẹ̀gbẹ́ kan, láìtíì ka ibi tí ohun líle náà fúnra rẹ̀ máa dúró sí.

Ní ti àwọn tó ní kò sẹ́ni tó ń gun kẹ̀kẹ́ mọ́, ẹ ní kí wọ́n jí lọ dúró ní oríta kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Wọ́n á rí ẹni tó gbé búrẹ́dì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, wọ́n á rí ẹlẹ́mu tó ń bọ̀ láti abúlé, wọ́n á rí ọlọ́dẹ tó ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀. Wọn kò pọ̀, òótọ́ ni. Ìbẹ̀rù mọ́tò wà lára ohun tó sọ wọ́n di díẹ̀. Ẹ tún sọ fún wọn pé Holland tí gbogbo ayé fi ń ṣe àpẹẹrẹ kẹ̀kẹ́ lónìí kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Ní 1971, ó lé ní 3,000 ènìyàn tí ìjàǹbá ojú títì pa níbẹ̀ lọ́dún kan ṣoṣo, ó sì lé ní 400 ọmọdé nínú wọn. Àwọn òbí ló tú síta, wọ́n dí títì pa tọmọtọmọ, tí ìjọba wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọwọ́ padà. Ọmọ tí mọ́tò gbá náà ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, bíi tiyín.

Ó wá ku kí ẹ mọ ibi tí àwọn ènìyàn ń gbà. Ẹ yan ọjọ́ iléèwé kan àti ọjọ́ ọjà kan. Kí àwọn ọ̀dọ́ jókòó méjì-méjì sí oríta kọ̀ọ̀kan láti aago 6:45 sí 8:15 àárọ̀, kí wọ́n tún padà síbẹ̀ nígbà tí iléèwé bá ń jáde. Kí wọ́n máa fa igi sínú ìwé: ọmọdé, àgbà, ẹni tó ru ẹrù, ẹni tó ń ti bárò, oníkẹ̀kẹ́, ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn. Kí wọ́n kọ ibi tí oníkálùkù ti yọ àti ibi tó gbà lọ. Ibi tí wọ́n ti ń sọdá títì ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀, torí pé àwọn ènìyàn kì í sábà sọdá níbi tí àwa tó ń ya àwòrán bá fẹ́. Bí ó bá jẹ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì ni àwọn ọmọ ti ń sọdá, iwájú ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì ni ẹ ó tún ṣe, kì í ṣe ọ̀ọ́kán níbi tó ti rọrùn fún agbaṣẹ́ṣe.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àwòrán àdúgbò yín jáde láti orí Google Maps, ẹ fi bírò pupa fa gbogbo àbùjá tó wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ni kí ẹ bi, wọ́n mọ̀ ọ́n ju lańlọ́ọ̀dù lọ. Àwọn ìtún, ìyẹn àdúgbò, àtijọ́ ní Ìjẹ̀bú kún fún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀: ẹ̀yìn agboolé, ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí, àárín ọgbà iléèwé méjì. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n lè ti ilé dé ọjà Òkè-Àjé láìfojú kan títì ńlá ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Níbẹ̀ gan-an ni ọ̀nà kẹ̀kẹ́ yín wà. Ìlú wa kò tóbi bí Èkó. Kìlómítà 2 kò ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, kò sì ju ìṣẹ́jú 8 lọ lórí kẹ̀kẹ́ tí kò sáré. Ohun tó ń mú kó jọ pé ó jìnnà ni kí àbùjá gùn dáadáa títí, kó wá pin síbi gọ́tà tí kò ní afárá tàbí sára ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ.

Ọ̀rọ̀ ògiri yẹn kò ṣeé fi falẹ̀. Lójoojúmọ́ ni ẹnì kan ń fi ògiri dí àbùjá kan, kò sì sí ẹni tó lè bá a wí tí kò bá sí ìwé. Ẹ lọ bá ẹbí tó ni ilẹ̀ kí bíríkìlà tó débẹ̀. Bí wọ́n bá gbà, kí olórí ẹbí àti olórítùn, ìyẹn olórí àdúgbò, fọwọ́ sí i, kí awọnlẹ̀ wọn ọ̀nà náà, kí ẹ sì mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ètò ìlú kó wọ inú fáìlì wọn. Mítà 1.5 tó fún ẹlẹ́sẹ̀ nìkan. Tí kẹ̀kẹ́ yóò bá máa bá wọn gbà á, ẹ tọrọ mítà 2.5 tàbí 3.

Ẹ ó bi mí pé ṣé ọ̀kadà kò ní sọ àbùjá yẹn di títì tirẹ̀. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ o. Òpó irin tí ẹ bá rì sẹ́nu ọ̀nà á dá mọ́tò àti Màrúwá dúró, àmọ́ kò sí òpó tó lè dá ọ̀kadà dúró tí kò ní dá oníkẹ̀kẹ́ àti ẹni tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ aláìlera dúró pẹ̀lú. Ẹnu ni ẹ ó fi ṣe èyí: ẹ pe àwọn alága ọ̀kadà tó wà ní oríta yín sí ìpàdé, ẹ jọ fẹnu kò lórí ìtanràn, kí àwọn fúnra wọn sì máa gbà á. Mo ti rí i pé ó ń dúró dáadáa níbi tí wọ́n bá ti pe àwọn ọlọ́kadà látìbẹ̀rẹ̀. Níbi tí wọ́n kàn ti lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ òpó, wọ́n ń gùn ún kọjá.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí gọ́tà, torí níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ owó yín yẹ kó lọ. Gọ́tà tí wọ́n bò dáadáa ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó rọrùn jù lọ láti ṣe nílùú wa, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì la máa ń gbà bà á jẹ́. Èkínní ni kí wọ́n da kọnkéré bò ó pátápátá. Yanrìn àti ọ̀rá á kún abẹ́ rẹ̀, kò ní ṣeé kó, òjò oṣù kẹfà á gba orí rẹ̀ wọlé onílé, káńsù á wá fi òòlù fọ́ ọ, ihò yẹn ló sì máa gbé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn mì. Ẹ ṣe sílábù tó ṣeé gbé. Tí inú gọ́tà bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60, kí sílábù gùn ní 80, kó fẹ̀ ní 40, kó nípọn ní 8, kí irin wà nínú rẹ̀. Yóò wúwo tó nǹkan bíi kílò 60, ọkùnrin méjì á lè fi ìwọ̀ irin gbé e. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fara mọ́ra kí imú ọ̀pá ìyá arúgbó má bàa wọ àárín wọn. Bí ẹ bá fi irin ṣe ojú ibi tí omi ń gbà wọlé, kí àwọn irin náà dábùú ọ̀nà. Èyí tó bá na gbọọrọ tọ ọ̀nà á gbá táyà kẹ̀kẹ́ mú, á sì sọ ẹni tó gùn ún nù. Ẹnu ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà wọlé yàtọ̀ o. Ẹnjiníà ni kó ṣírò sílábù ibẹ̀.

Èkejì ni pé onílé kọ̀ọ̀kan ń bo iwájú tirẹ̀ bó ṣe wù ú: ti ibí ga, ti ọ̀hún rẹlẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ á máa gòkè á máa sọ̀ títí á fi sú u, á wá bọ́ sí títì. Ẹ fa okùn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ títì dé òpin, kí gbogbo wọn wà lójú kan náà. Mọ́tò ló yẹ kó gùnkè bá ẹlẹ́sẹ̀ níbi géètì. Ẹ má sì gbàgbé pé sẹ̀ǹtímítà 80 kò tó ọ̀nà. Ẹ ní láti fi ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ gọ́tà kún un kó lè pé mítà 1.5. Àwọn tó ń tajà máa ń wà lórí ilẹ̀ yẹn. Ẹ má lé wọn. Àwọn ló ń tan iná lálẹ́, ojú wọn ló sì wà lára àwọn ọmọ. Ẹ bá ìyálọ́jà sọ ọ́, kí tábìlì sún sẹ́yìn ìlà kan tí gbogbo yín jọ fà. Ibí ni ẹ lè ná díẹ̀ nínú owó ọ̀dà yẹn sí.

Níbi tí ọ̀nà yín bá ti gba ojú títì kọjá, eré mọ́tò ni ọ̀tá yín. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí mọ́tò bá gbá ẹlẹ́sẹ̀ lórí ìwọ̀n eré kìlómítà 30 ní wákàtí, ẹni 9 nínú 10 ló ṣeé ṣe kó yè é. Tó bá tó 45, àwọn tó ń yè kì í tó ìdajì. Nítorí náà, ẹ gbé ojú ibi ìsọdá ga tó sẹ̀ǹtímítà 10, kí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kó fẹ̀ tó mítà 3 tàbí 4, kí etí rẹ̀ méjèèjì dagun díẹ̀díẹ̀. Awakọ̀ á ní láti rọra, ọmọ á sì rìn kọjá láìsọ̀kalẹ̀. Kì í ṣe gegele ṣóńṣó tí àwọn ènìyàn máa ń dà sójú títì lóru ni mò ń wí, ìyẹn ń ṣẹ́ kẹ̀kẹ́, ó sì ń fa ìjàǹbá. Ẹ fi ihò omi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa sé ọ̀gbàrá mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni títì. Ìjọba àpapọ̀ ló ni Ṣàgámù sí Benin, ẹ má ṣe darí ọ̀nà ọmọdé kankan síbẹ̀ bí kò bá sí afárá. Ti ìpínlẹ̀, ẹ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tó ń rí sí iṣẹ́ òde, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí TRACE, àjọ tó ń rí sí ìgbòkègbodò ọkọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ti àdúgbò, káńsù ló ni ín: Àfikún Kẹrin ìwé òfin 1999 kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni títì, iná ojú títì àti gọ́tà, ó tilẹ̀ dárúkọ ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́ àti bárò. Ẹ tọ́ka sí i nínú lẹ́tà yín.

Kí ẹ tó dà kọnkéré kankan, ẹ dán an wò. Ẹ tọrọ àṣẹ kí wọ́n ti títì kékeré kan mọ́ mọ́tò láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, kí àwọn ọmọ gbé kẹ̀kẹ́ jáde. Ìlú Bogotá ní Colombia ti ń ṣe é láti 1974. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kò lè ṣeé ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ rán an létí Ojúde Ọba: ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ẹṣin, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra) àti èrò tó ń fẹsẹ̀ rìn ló máa ń ni ojú títì àárín ìlú, mọ́tò á sì wá ibòmíràn gbà. Ẹ lọ bá àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ náà fún owó. Àbùjá kan tó pé, tó ní iná àti orúkọ ẹgbẹ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà, máa wù wọ́n ṣe.

Bí owó kò bá tó gbogbo rẹ̀, ẹ parí ọ̀nà kan ṣoṣo láti ẹnu ilé dé ẹnu géètì iléèwé. Ìdajì ọ̀nà mẹ́ta kò ní gbé ẹnikẹ́ni débì kankan. Ẹ ka èrò kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó wọlé, kí ẹ sì ṣe iṣẹ́ gọ́tà láàrin oṣù kọkànlá sí oṣù kejì. Ẹ máa bu omi rin sílábù lábẹ́ àpò fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, ẹ má sì jẹ́ kí ohun tó wúwo gorí rẹ̀ títí di ọjọ́ 28. Tí ẹ bá ti ka èrò tán, tí ẹ sì ti wọn fífẹ̀ gọ́tà yín, ẹ fi ìwé méjèèjì ránṣẹ́ sí mi, màá bá yín fa ọ̀nà àkọ́kọ́ náà.