Ta ló yẹ kó mọ̀ pé ọmọ wa ní wárápá?

Ìyá ọmọ, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ ní dókítà ti sọ pé wárápá ló ń ṣe ọmọbìnrin yín, ọmọ ọdún 8. Bàbá rẹ̀ ní kí ọ̀rọ̀ náà má ta sẹ́nikẹ́ni létí. Ìyá ọkọ yín sì ti rí oògùn, kò yéé béèrè ohun tí ọmọ ń fi í ṣe. Ẹ wá fẹ́ mọ̀ bóyá kí ẹ sọ ni àbí kí ẹ pa á mọ́, bí ẹ bá sì máa sọ, ta ni kí ẹ sọ fún.

Bí ọmọ yín ṣe wà yìí náà ni ọmọkùnrin mi wà nígbà tí tiwa bẹ̀rẹ̀. Ó ti di géńdé báyìí, ó ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Kí n tó fi èyí ránṣẹ́, mo kà á sí i létí. Ó ní kò burú, kí n ṣáà má dárúkọ òun.

Èyí tí mo rí kọ́ rèé: ẹni tó lè wà lọ́dọ̀ ọmọ nígbà tí wárápá bá gbé e, ẹ sọ fún un. Ẹni tí kò ní sí níbẹ̀ lè dúró ná. Kì í ṣe bí ẹbí ṣe sún mọ́ni tó la fi ń díwọ̀n rẹ̀. Dírẹ́bà tó ń gbé ọmọ mi lọ sílé ìwé gbọ́ kíákíá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń gbé lókèèrè kò gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí wọ́n gbọ́, inú bí wọn, wọ́n ní ṣé dírẹ́bà ló wá ju àwọn lọ. Mo ní ẹ má bínú, sà, dírẹ́bà ló ń bá a jókòó nínú mọ́tò.

Ẹ wo ìdí rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí wárápá bá gbé ọmọ, ìṣẹ́jú mélòó kan ni, á sì fi í sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò sí ọwọ́ tó lè dá a dúró. Ẹni tí kò mọ̀ ló máa sáré wá ṣíbí, tí á fẹ́ fi la eyín ọmọ, tí á ní kó má baà gbé ahọ́n rẹ̀ mì. Ahọ́n kò ṣeé gbé mì. Eyín ni ṣíbí ń kán, ẹni tó bá sì ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, eyín á gé e jẹ. Eyín iwájú kan tó kán létí wà lẹ́nu ọmọ mi títí dòní. Kì í ṣe wárápá ló kán an, onínúure kan ni.

Nítorí náà, ohun tí mo ń sọ fún tíṣà, fún dírẹ́bà, fún ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó bá ń lọ ṣeré nílé wọn, kò pọ̀. Bó bá gbé e, ẹ wo aago. Ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ fi aṣọ sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀. Ẹ má dì í mọ́lẹ̀. Ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, ìbáà ṣe omi, ìbáà ṣe oògùn. Bí gbígbọ̀n náà bá rọlẹ̀, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ lè ṣàn jáde, kí ẹ sì dúró tì í títí ojú rẹ̀ yóò fi wálẹ̀. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, tàbí tí òmíràn tún gbé e kó tó jí, tàbí tó ṣèṣe, tàbí tó jẹ́ inú omi ló ti ṣẹlẹ̀, tàbí tí kò mí dáadáa lẹ́yìn rẹ̀, ẹ pe áńbúláǹsì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó pe èmi.

Nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ fún wọn yẹn, mi ò sọ ohun tó fa àìsàn náà. Kò sí ìtàn ìdílé níbẹ̀, kò sí ohun tí dókítà sọ lọ́jọ́ báyìí. Tíṣà kò nílò rẹ̀. Tíṣà kan bi mí nígbà kan pé ṣé nínú ẹbí bàbá ni àbí ti ìyá. Mo ní dókítà ń bójú tó ìyẹn, mo sì bi òun náà bóyá ó mọ ibi tí àpò aṣọ ọmọ wà.

Ọ̀rọ̀ àpò yẹn ṣe pàtàkì o. Bí wárápá bá gbé ọmọ, ó lè tọ̀ sára. Ọmọ mi kì í rántí ìgbà tó gbé e, torí kò mọ nǹkan kan nígbà yẹn. Ohun tó máa ń rántí ni ojú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tó jí. Ẹ kó aṣọ ìpààrọ̀ àti aṣọ ìbora fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan fún tíṣà. Kí ẹnì kan máa kó àwọn ọmọ yòókù jáde, kí ẹnì kejì dúró ti ọmọ, kó da aṣọ bò ó láti ìbàdí wálẹ̀. Èmi ò rí ìpamọ́ àṣírí mìíràn tó ju ìyẹn lọ fún ọmọ ilé ìwé. Bó bá sì jẹ́ irú èyí tí kì í gbé ọmọ ṣánlẹ̀ ni, tó kàn jẹ́ pé á ṣàdédé tẹjú mọ́ ọ̀ọ́kán fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tí kò ní gbọ́ bí wọ́n bá pè é, tíṣà tí kò mọ̀ á ní aláìfọkànsí ni, á sì máa jẹ ẹ́ níyà lórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Ẹ má bá bàbá rẹ̀ jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀rù ló ń bà á, kò sì sí ilẹ̀ tí ẹ̀rù yẹn kò dé. Ilé ọba gan-an ti ṣe irú ohun tó ń ṣe yìí. Ọmọ ọba John, àbíkẹ́yìn Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní wárápá. Wọ́n mú un lọ máa gbé nínú ilé oko kan ní Sandringham, ilẹ̀ kan tó jẹ́ ti ìdílé ọba, lọ́tọ̀ sí àwọn òbí rẹ̀, ibẹ̀ ló sì kú sí ní ọdún 1919, ọmọ ọdún 13. Ìgbà tó kú tán ni gbogbo ayé tó mọ bí àìsàn náà ṣe le tó. Ní ilẹ̀ kan náà, títí di ọdún 1971 ni òfin ṣì gbà kí wọ́n tú ìgbéyàwó ká nítorí wárápá. Ní Amẹ́ríkà, títí wọ àwọn ọdún 1970, kò lòdì sófin láti ní kí ẹni tó ní i má wọ ilé oúnjẹ tàbí ilé eré. Ẹni tó bá ń ronú ọjọ́ ọ̀la ọmọbìnrin rẹ̀, kì í ṣe òmùgọ̀ bó bá ń bẹ̀rù ẹnu aráyé.

Àmọ́ ẹ bi í ní ìbéèrè kan: bí ọmọ bá ṣubú ní kíláàsì tí tíṣà kò mọ nǹkan kan, ta ni kò ní gbọ́ nílé ìwé náà kó tó dalẹ́? Ariwo á ta, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á máa sá fún itọ́ tó ń hó lẹ́nu rẹ̀. Sísọ fún ènìyàn bíi mẹ́ta ló máa ń jẹ́ kí ọgọ́rùn-ún má gbọ́. Ìyẹn ló yí ọkọ tèmi lọ́kàn padà, ìwàásù kankan kò yí i. Ẹ tún jẹ́ kó mọ̀ pé itọ́ lásán ni itọ́ yẹn, wárápá kì í ranni. Pé nǹkan bí àádọ́ta mílíọ̀nù ènìyàn ló ní i káàkiri ayé. Àti pé Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ènìyàn 10 tó ní i, ó lè tó 7 tí kò tún ní gbé bí wọ́n bá rí ìtọ́jú tó yẹ.

Ìyá ọkọ yín wá ńkọ́? Bí wọ́n bá ń dá wà pẹ̀lú ọmọ nígbà kankan, ó yẹ kí wọ́n ti mọ̀ lánàá. Ṣùgbọ́n ọkọ yín ni kó sọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀yin. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ bíbí inú sọ fún ìyá rẹ̀ kì í di ẹ̀sùn. Wọ́n lè ní gìrì lásán ni, pé gbogbo ọmọ ló ń ní i. Gìrì tí ibà máa ń fà fún ọmọ oṣù 6 sí ọmọ ọdún 5 yàtọ̀ sí èyí, kí ọkọ yín ti mọ ìdáhùn yẹn kó tó lọ. Ohun tó gbọ́dọ̀ yé màmá yékéyéké ni pé a kì í dá oògùn wárápá dúró lójijì, nítorí wárápá lè máa gbé ọmọ léraléra láìdáwọ́ dúró. Dókítà nìkan ló lè ní ká dín in kù, ó sì sábà máa ń jẹ́ lẹ́yìn bí ọdún 2 tí kò ti gbé e. Bákan náà, oògùn mìíràn, àgbo tàbí ti ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n má fún un láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún fídíò. Dókítà lè ní kí ẹ ya á, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ya á. Bí ẹ bá fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ara ọmọ ti balẹ̀, kò sí ohun tó máa rí. Àyẹ̀wò EEG pàápàá, tí wọ́n fi ń ka iná inú ọpọlọ, lè jáde láìfi nǹkan kan hàn kí ọmọ sì ní wárápá. Fídíò á fi bí ojú rẹ̀ ṣe ń yí hàn, ọwọ́ tó kọ́kọ́ ń gbọ̀n, àti bó ṣe pẹ́ tó. Àmọ́ fóònù tiyín ni kó wà, lẹ́yìn tí dókítà bá ti rí i, ẹ pa á rẹ́. Mọ̀lẹ́bí wa kan ya ọmọ mi, ó sì fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù WhatsApp ẹbí pé kí wọ́n bá wa gbàdúrà. Mo gbà pé àdúrà ló ń wá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, ti fídíò tún burú jù ú lọ. Láti gúrúùpù kan dé òmíràn, ó dé ọwọ́ ẹnì kan tí ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú tèmi. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pa á rẹ́, àwọn kan pa á rẹ́. Látìgbà náà, kí ẹnikẹ́ni tó gba ọmọ mi sílé, mo máa ń sọ ọ́ ní ojú kojú: kò sí yíyà fọ́tò.

Nílé ìwòsàn pẹ̀lú, bí ẹni tó wà lẹ́nu fèrèsé bá ń pariwo orúkọ àìsàn ọmọ yín létí àwọn tó ń dúró, ẹ ní kó wá bá yín sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Ẹ kò yájú. Pípa àṣírí aláìsàn mọ́ wà nínú ìbúra àwọn dókítà tí wọ́n kọ ní Geneva ní ọdún 1948, ó sì yẹ kí àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ náà pa á mọ́.

Nínú gbogbo àwọn tí ẹ kà sílẹ̀, ẹ kò mẹ́nu kan ọmọ fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún 8 gbọ́n. Bó bá ń rí i pé gbogbo àgbà ń sọ̀rọ̀ ní bòókẹ́lẹ́ tó bá ti wọlé, á rò pé òun ń kú lọ ni, tàbí pé òun ló ṣẹ̀. Ẹ sọ orúkọ àìsàn náà fún un. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé kó má ti ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀, pé kó má wọ odò ìlúwẹ̀ẹ́ láìsí àgbà tó mọ̀, pé àìsùn àti oògùn tí a gbàgbé lè fa kó gbé e. Bó bá ń dàgbà, ẹ máa bi í léèrè kí ẹ tó sọ fún ẹni tuntun. Nígbà tí tèmi di ọ̀dọ́langba, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù. Níbi iṣẹ́ rẹ̀ báyìí, ẹni tó jókòó tì í mọ̀, ọ̀gá rẹ̀ mọ̀, ó tán. Ọ̀rọ̀ mọ́tò wíwà nìkan ni kò sí nínú ọwọ́ rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ní òfin lórí iye àkókò tí kò gbọ́dọ̀ gbé ènìyàn kó tó lè wa ọkọ̀.

Ẹ kò sọ orúkọ oògùn tí wọ́n kọ fún un, ẹ má sì kọ ọ́ síbí. Àmọ́ bí ẹ bá wo ara ike tí ẹ rí sodium valproate, ẹ bi dókítà nípa rẹ̀ nígbà tí ẹ bá padà lọ, torí pé ọmọbìnrin ni: ó lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá lọ́jọ́ iwájú, ó sì yẹ kí ẹ ti jọ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ kó tó bàlágà. Ẹ má fúnra yín dá a dúró o. Ẹ ṣáà béèrè.