Wọ́n ní àwọn kì í gba èlé, kí ló dé tí iye tí mo máa san fi lé?

Ìbéèrè: Asalaamu aleekun, Àáfà. Èlùbọ́ àti ẹ̀wà ni mò ń tà ní ọjà Nyanya. Mo fẹ́ ra ẹ̀rọ ìlọta, ₦400,000 ni wọ́n ń tà á. Ilé ìyáwó kan tó ní àwọn kì í gba èlé ní kí n san ₦460,000 láàárín oṣù mẹ́wàá. Ọkọ mi ní gbọ́múlélántà, owó èlé tí wọ́n ń fi ìnira gbà yẹn, náà ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Wa aleekun salaam, ìyá wa. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọkọ yín. Nínú Sūratul-Baqarah, āyà 275, àwọn kan ní òwò àti èlé kò yàtọ̀ síra. Ọlọ́hun sì fèsì pé Òun ṣe òwò ní ẹ̀tọ́, Òun sì ṣe èlé ní èèwọ̀. Nítorí náà, ₦60,000 tó lé yẹn nìkan kọ́ ni ẹ ó wò. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ọjà àwìn lè wọ́n ju ọjà owó lọ́wọ́ lọ, bí ẹ bá ti fẹnu kò sí iye kan kí ẹ tó pínyà.

Ohun tí ẹ máa wò ni pé ta ló ni ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó tà á fún yín. Bí wọ́n bá rà á, tó wọ ọwọ́ wọn, tó jẹ́ pé bó bá jóná lọ́dọ̀ wọn, àwọn ló pàdánù, tí wọ́n wá sọ iye tí wọ́n rà á àti èrè wọn fún yín, muràbáhà nìyẹn, ó sì dára. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ fún Hakīm ọmọ Hizām pé kó má ta ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan máa ń rán oníbàárà fúnra rẹ̀ lọ rà á wá fún wọn. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń fura. Bí ₦400,000 bá kàn wọ àkáǹtì yín, tí ẹnikẹ́ni ò béèrè ẹ̀rọ, owó èlé ni, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára pátákó.

Láti 2017 ni báńkì àpapọ̀ ti ṣe òfin fún àwọn ilé ìyáwó kéékèèké tí kì í gba èlé, ó sì ní kí wọ́n ní ìgbìmọ̀ onímọ̀ ẹ̀sìn. Ẹ béèrè àwọn wo ni wọ́n.

Ẹ tún béèrè ohun tí wọ́n máa ń ṣe bí ọjà kò bá tà. Iye yẹn kò gbọ́dọ̀ lé sí i. Bí wọ́n bá bu owó ìtanràn lé apẹ́san, sàráà ni kí wọ́n fi ṣe, kò gbọ́dọ̀ di èrè wọn. Āyà 280 nínú Sūratul-Baqarah kan náà ní kí a fún ẹni tí ara ń ni ní àsìkò. Onídùúró kò burú, ṣùgbọ́n kí àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ yáwó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni máa bú u lójú ọmọ rẹ̀, mi ò rí ẹ̀sìn níbẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ ṣírò o: ₦46,000 lóṣù, láì tíì ka owó dísù. Ẹ̀tọ́ tó jẹ́ kò ní kí oníbàárà pọ̀ sí i.

Bó bá sì jẹ́ pé owó ilé tàbí owó ilé-ìwé ọmọ gan-an lẹ fẹ́ fi ṣe, ẹ má fi rìsíìtì ẹ̀rọ gbà á. Ẹ wá ẹni tó máa yá yín láìsí èlé, tàbí kí ẹ lọ bá ìgbìmọ̀ sàká mọ́sálásí yín. Onígbèsè wà lára àwọn mẹ́jọ tí Sūratut-Tawbah, āyà 60, ní kí a fún.

Ẹ má tíì fọwọ́ sí ìwé wọn. Ẹ mú un wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí baba ilé náà bá yín wá, kí a jọ kà á.