Ìwé àlòkù lẹ́bàá títì: ìròyìn tó ń tajà àti èyí tó kàn ń kó èrò jọ

Ẹ béèrè bí ọjọ́ ẹni tó ń pàtẹ ìwé àlòkù lẹ́bàá títì ṣe máa ń lọ, àti bóyá ó yẹ kéèyàn máa wo ìròyìn kó tó ra ọjà. Ìbéèrè kejì ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló ń jẹ owó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìròyìn á dá èrò dúró nídìí àtẹ yín o, àmọ́ ìdúró ò ní kí wọ́n tọwọ́ bàpò.

Ká ní gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé kan kú mọ́jú. Kó tó di ọ̀sán, ẹni tó máa bi yín pé "Ṣé ìwé ẹ̀ wà níbẹ̀?" á ju mẹ́wàá lọ. Èyí tó bá wà lórí àtẹ lọ́jọ́ náà á tà, wọn ò sì ní ná an púpọ̀. Èyí tí ẹ bá sáré lọ rà, tó wá dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ọ̀rọ̀ ti tutù kó tó dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀ tí wọ́n máa ń kéde nínú oṣù kẹwàá. Bí oṣù kẹsàn-án bá ti ń parí lọ, ẹ tú ìdí páálí, kí ẹ gbé àwọn ìwé ìtàn àròsọ tó ti pẹ́ nílẹ̀ wá sókè. Ẹ má tìtorí ẹ̀ ra òmíràn.

Ìròyìn tó lè gbé owó oníwèé lọ kì í sábà wà lójú ewé àkọ́kọ́. Inú lọ́hùn-ún ló máa ń sá pamọ́ sí: ìjọba fẹ́ yí ìlànà ẹ̀kọ́ padà, tàbí wọ́n ti pààrọ̀ ìwé tí wọ́n á fi ṣèdánwò. Lọ́jọ́ tí ẹ bá rí irú ẹ̀, ẹ dín owó ìwé náà kù kó lè tán kí sáà tuntun tó wọlé. Tí sáà bá wọlé bá a lọ́wọ́ yín, bébà lásán lẹ ń gbé kiri. Ẹ tún máa wo owó ilẹ̀ òkèèrè. Níbi tí wọ́n bá ti ń kó bébà ìtẹ̀wé wọlé, tó bá ti gbówó lórí, ìwé tuntun náà á wọ́n, àmọ́ kì í ṣe lọ́jọ́ kan náà: èyí tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ ló máa kọ́kọ́ tán, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá ya bo alálòkù. Torí náà, ẹ má tètè lu ìwé atúmọ̀ èdè àti ìwé ìṣirò ní gbàǹjo.

Tí ẹ bá ń ta ìwé ìròyìn mọ́ ọn, ẹ bá ẹni tó ń kó o fún yín ṣàdéhùn pé yóò gba èyí tí kò tà padà, kí ẹ tó gbà á. Àwọn tó ń nàgà ka àkòrí lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Èrò ló ń pe èrò. Àríyànjiyàn òṣèlú wọn ni kí ẹ má dá sí.

Ní ti àárọ̀: ìwé ẹlẹ́yìn rírọ̀ tó ní ojú ewé 300 lè wúwo tó gíráàmù 300 sí 400, nítorí náà 50 rẹ̀ á tó kílò 15 sí 20. Ẹ má kó ju 40 sínú páálí kan, ìdí ẹ̀ á já. Ẹ tẹ́ tapólì, kí ẹ to pákó lé e kó ga tó ìbú ọwọ́, torí abẹ́ ni omi òjò ti ń kọ́kọ́ wọlé. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ iye owó. Oòrùn ọ̀sán máa ń pa àwọ̀ pupa àti yẹ́lò lára èèpo ìwé, búlúù nìkan ló ń kù. Ooru a sì máa rọ gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ìwé títí ewé á fi máa já bọ́.

Tí ẹ bá ń ra ọjà, ẹ fi àtàǹpàkò ṣí nọ́ńbà ojú ewé wéréwéré. Ìdì-ìdì, ojú ewé 16 tàbí 32, ni wọ́n sábà máa ń di ìwé, nítorí náà tí ìdì kan bá fò, ẹ ó rí 96, lẹ́yìn náà 113. Oníbàárà tó bá rí i nílé á dá a padà. Ìwé ayédèrú náà ò ṣòro mọ̀: àwòrán iwájú á ṣú, ìlà á dagun, lẹ́tà ẹ̀yìn á máa hàn sí iwájú.

Bí òjò bá wá lu ìwé, ẹ má sá a sóòrùn, á ká kò. Ẹ ti tísù funfun sáàárín ewé ogún-ogún, kí ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e dúró níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Tó bá ku ọ̀rinrin díẹ̀, ẹ gbé nǹkan wúwo lé e. Tí bébà ẹ̀ bá jẹ́ èyí tó ń dán, ẹ ya ewé ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tó ṣì tutù. Tó bá gbẹ tán, ó ti lẹ̀ pọ̀ nìyẹn. Láàárín ọjọ́ méjì ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í bu, nítorí náà ẹ má kó o mọ́ àwọn tó gbẹ.

Nírọ̀lẹ́, èyí tó ń tà jù ni kí ẹ kó sí páálí gbẹ̀yìn, òun lẹ ó kọ́kọ́ kó jáde láàárọ̀.