Ẹ Má Fi Ọ̀rọ̀ Eyín Tu Ara Yín Nínú, Ìyá Ayọ̀

Ìyá Ayọ̀, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Mo ka ìbéèrè yín láàárọ̀ yìí, mo sì rí i pé àwọn mẹ́ta ti dá yín lóhùn pé kí ẹ fọkàn balẹ̀, pé eyín ni. Ẹ sọ pé Ayọ̀ pé ọmọ oṣù mẹ́jọ, pé ó ti ń yàgbẹ́ olómi láti ìjẹta, tó ìgbà márùn-ún lójúmọ́, pé ìyá ọkọ yín ní kí ẹ dá ọmú àti ògì dúró títí ìgbẹ́ náà yóò fi dá, ẹ sì ń bèèrè bóyá ó tọ́ bẹ́ẹ̀. N óò dé orí ọmú àti ògì, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí nítorí ọ̀rọ̀ eyín yìí.

Oṣù Kejì ọdún 2017 ni, ní Ìbàdàn, nínú ọ̀gbẹlẹ̀ tí omi kànga ilé wa ti lọ sílẹ̀ débi pé ẹrẹ̀ ló ń bá garawa jáde. Àkọ́bí mi pé oṣù mẹ́sàn-án. Eyín méjì ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ó funfun bí ìrẹsì, bí mo bá sì fi ṣíbí kàn án, yóò dún kò, òun náà yóò bú sẹ́rìn-ín bí ẹni pé òun ni ó lu ìlù. Ó ti ń rá nígbà náà, kò sì sí ohun tí kò lè fi sẹ́nu: bàtà bàbá rẹ̀, iyanrìn ẹ̀yìnkùlé, ọwọ́ ìgbálẹ̀. Ọkọ mi ń pe àwọn ará àdúgbò kí wọ́n wá wo eyín ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ìgbẹ́ bẹ̀rẹ̀, a ti sọ ọ́ lórúkọ kí ó tó dé.

Ní ọjọ́ kejì, mo gbé e lọ sí ibùdó ìlera tí a ti máa ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nọ́ọ̀sì tí mo bá níbẹ̀ kò fọwọ́ kan ọmọ, kò wo ojú rẹ̀, kò bèèrè bóyá ó ń tọ̀. Ó ń kọ nǹkan sínú ìwé gbàǹgbà kan, ó ní, “Ṣé ó ń hu eyín? Eyín náà ni. Ẹ máa gbé e lọ sílé.” Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ló sọ bẹ́ẹ̀, ta ni èmi tí n óò bá a jiyàn? Mo yà sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta oògùn, ó ta oògùn olómi méjì fún mi, ọ̀kan láti dá inú dúró, èkejì fún eyín. Nígbà tí mo délé, ìyá ọkọ mi ní kí n dín omi tí mo ń fún un kù, nítorí omi náà ló ń di ìgbẹ́, kí n má sì jẹ́ kí ṣúgà kan ẹnu rẹ̀ rárá nítorí jẹ̀díjẹ̀dí. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, ọmọ méje ni wọ́n tọ́ dàgbà, n kò sì bá wọn jà. Ẹnu gbogbo wa kò nínú ilé náà pé eyín ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ó sunkún títí di nǹkan bí aago mọ́kànlá, mo sì rí i pé omijé kò jáde, ṣùgbọ́n mo rò pé ẹkún ìbínú lásán ni. Nígbà tó yá, ó dákẹ́. Ẹ gbọ́ ibí yìí dáadáa, Ìyá Ayọ̀. Ó dákẹ́, ó gbé orí lé èjìká mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo sọ fún ọkọ mi pé oògùn ti ń ṣiṣẹ́, pé kí ó bá wa pa fìtílà. Mo sùn. Wákàtí mẹ́ta gbáko ni mo fi sùn nígbà tí omi ń tán lára ọmọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, n kò sì tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ọkọ mi títí di òní. Ọmú tó kún ni ó jí mi, nítorí pé kò jí láti mu ún. Mo ti ọmú sí i lẹ́nu, ẹnu náà gbẹ bí aṣọ tí a sá sóòrùn. Mo tan iná fóònù. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, ibi rírọ̀ tó wà ní àwùjẹ̀ orí rẹ̀ ti rì, ó rí bí inú ṣíbí. Nígbà tí mo gbá a mú níkùn láti gbé e, awọ ikùn náà ṣùjọ sí mi lọ́wọ́, kò sì tètè padà sípò.

Aládùúgbò wa tó ń gun ọ̀kadà ni ó gbé wa dé ilé ìwòsàn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún wa ni pé kí a lọ gba káàdì, ẹni tó ń kọ káàdì sì ń sùn. Wọ́n bi mí pé ìgbà wo ni ọmọ tọ̀ kẹ́yìn, n kò lè dáhùn, nítorí pé ìgbẹ́ olómi ń rin ìlédìí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, mo sì ti ń ka ìyẹn sí ìtọ̀. Wọ́n wá iṣan ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, wọ́n wá a ní ọwọ́ òsì, wọ́n wá a ní ẹsẹ̀ méjèèjì, wọn kò rí i. Kò sunkún bí wọ́n ti ń gún un lábẹ́rẹ́, èyí ni ó sì bà mí lẹ́rù jù. Níkẹyìn wọ́n fá irun ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí iṣan tí wọ́n fi omi sí. Dókítà ọ̀dọ́ kan wá dúró lé mi lórí, ó bi mí pé irú ìyá wo ni mí. N kò fèsì. Ohun tó wà lórí ahọ́n mi ni pé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wọṣọ funfun ló ní kí n máa gbé e lọ sílé. Ọjọ́ mẹ́rin ni a lò níbẹ̀.

Eyín a máa mú kí itọ́ dà, a máa mú kí èrìgì wú, a sì máa mú kí ọmọ jẹ ìka ara rẹ̀. Kì í fa ìgbẹ́ olómi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan tí eyín ń yọ, àkókò yẹn gan-an ni ọmọ bẹ̀rẹ̀ ògì, tó ń rá nílẹ̀, tó sì ń kó gbogbo ìdọ̀tí sẹ́nu, tí ààbò tó gbà lára ìyá rẹ̀ sì ń dín kù. Kòkòrò àìsàn ló wọlé, eyín ni a di ẹ̀bi rù. Nípa oògùn eyín, ẹni tí kò bá rántí ọdún 2008 kí ó bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà: oògùn eyín kan tí wọ́n fi kẹ́míkà olóró pò pa ọmọ tó lé ní ọgọ́rin ní Nàìjíríà, kíndìnrín wọn ni ó bà jẹ́. Títí di òní mo ṣì ń rí àwọn ìyá tó ń ra oògùn eyín láìwo ohunkóhun lára ìgò rẹ̀. Bákan náà, ẹ má ṣe fún ọmọ ní oògùn tí àgbàlagbà fi ń dá ìgbẹ́ dúró. Ìfun ọmọ kì í ṣe páìpù tí a ń dí.

Ti ORS, iyọ̀ àti ṣúgà inú ọ̀rá tí a ń fi omi pò láti dá omi padà sára ọmọ, ẹ ti mọ̀ ọ́n, ẹ rà á, ẹ pò ó, ẹ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ ka ara ọ̀rá náà, nítorí ohun tí mo ṣe ni pé mo da ìdajì rẹ̀ sínú kọ́ọ̀pù kan, mo ní ọmọ kékeré ni. Èyí tó wọ́pọ̀ jù jẹ́ ti omi lítà kan, gbogbo rẹ̀ ni ẹ óò sì dà sínú omi tí a ti sè tó sì ti tutù. Bí ó bá ti di wákàtí mẹ́rìnlélógún, ẹ dà á nù. Lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ fún un tó mílílítà 50 sí 100, ṣíbí kan lẹ́yìn òmíràn. Bí ó bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá ọkọ yín yóò rí ṣúgà inú rẹ̀, wọn yóò ní jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹ rọra bá wọn sọ ọ́ pé ṣúgà náà ni ó ń bá iyọ̀ àti omi wọ inú ara. Bí ẹ kò bá rí ORS rà ní òru, lítà omi kan, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kí gbogbo rẹ̀ tẹ́jú, kí ó má ga. Ẹ má tẹ̀lé ti àtijọ́ tí wọ́n fi ìgò bíà kan tàbí ìgò ẹlẹ́rìndòdò méjì wọn omi, torí pé mílílítà 600 ni ìgbà yẹn, ìgò ìsinsìnyí kò sì rí bákan náà mọ́; iyọ̀ tó pọ̀ jù léwu fún ọmọ. Ẹ fi oògùn síńkì kún un, mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, kódà bí ìgbẹ́ bá ti dá ní ọjọ́ kejì. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ni a ń fún ní mílígíráàmù 10.

Ẹ tún wo káàdì àjẹsára rẹ̀. Láti Oṣù Kẹjọ ọdún 2022 ni ìjọba ti fi àjẹsára rọ́tà, kòkòrò tó ń fa irú ìgbẹ́ yìí, kún èyí tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá, ní ọ̀fẹ́. Kò sí nínú rẹ̀ nígbà àkọ́bí mi. Àbúrò rẹ̀ obìnrin gbà á, ó sì jẹ iyanrìn jù ú lọ.

Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, bí ó bá ń bi gbogbo ohun tó mu, bí ojú rẹ̀ bá jìn, bí kò bá tọ̀ fún wákàtí mẹ́fà, tàbí bí ó bá dákẹ́ lọ́nà tí kò fi í dákẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ má dúró de ìdáhùn ẹnikẹ́ni níbí. Bí nọ́ọ̀sì bá sì ní eyín ni, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó fọwọ́ kan ọmọ náà ná.

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé ohun tí ẹ bèèrè gan-an. Ẹ má dá ọmú dúró rárá, kàkà bẹ́ẹ̀ ẹ máa fún un lemọ́lemọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, lọ́sàn-án àti lóru. Ẹ máa fún un ní ògì náà, kí ó ki díẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀wà lílọ̀ tàbí ẹja gbígbẹ lílọ̀ sí i, ní ìwọ̀nba lẹ́ẹ̀kan, ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fèsì sí mi, ẹ ṣẹ́ aṣọ funfun kékeré kan sí iwájú ìlédìí Ayọ̀, kí ẹ lè mọ ìtọ̀ yàtọ̀ sí ìgbẹ́, kí ẹ sì wo aago.