Báwo ni mo ṣe lè lo fóònù nínú ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ láìjẹ gbèsè rómíǹ (owó lílo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé-iṣẹ́ mìíràn)?

Ẹ tan airplane mode (ètò tó ń gé fóònù kúrò lára nẹ́tíwọ́ọ̀kì) kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté, ẹ má sì pa á títí ẹ ó fi gúnlẹ̀. Èyí ló ṣe pàtàkì jù.

Tí ọkọ̀ bá ti wọ agbami, nẹ́tíwọ́ọ̀kì orí ilẹ̀ kò lè dé ibẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ní tirẹ̀ tó ń gba orí sátẹ́láìtì, fóònù yín á sì so mọ́ ọn láì bi yín. Ẹ wo òkè ojú fóònù: bí ẹ bá rí “Cellular at Sea” tàbí nọ́ńbà bíi 901-18, ẹ tètè gé e. Àwọn áàpù tí ẹ kò fọwọ́ kàn rárá lè máa fa dátà lábẹ́nú, owó gọbọi nìyẹn. Ètò rómíǹ tí ẹ rà fún orílẹ̀-èdè kan kì í sábà kan ọkọ̀ ojú omi.

Airplane mode kò ní kí ẹ má lo Wi-Fi. Ẹ tan Wi-Fi nìkan padà, kí ẹ ra ti ọkọ̀ náà. Ó sábà máa ń dínwó tí ẹ bá rà á ṣáájú ìrìn àjò. Ọ̀rọ̀ kíkọ lórí WhatsApp sábà máa ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ètò Wi-Fi ọkọ̀ ló ń gba ìpè.

eSIM (SIM tó ti wà nínú fóònù, tí kò nílò káàdì) dára gan-an tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ sílùú, ṣùgbọ́n èyí tó wà fún orí ilẹ̀ kò wúlò láàárín òkun. Máàpù àti orin, ẹ ti wà wọ́n sórí fóònù láti ilé.