Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé: Kí Ló Ń Gbé Owó Omi Sókè?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Iye wa nílé ò yí padà, a ò sì lo omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Síbẹ̀, bíìlì omi oṣù yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Ṣé wọ́n ń rẹ́ wa jẹ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo bíìlì náà bóyá wọ́n ka mítà ni àbí wọ́n fojú bù ú. Bí wọ́n bá ti ń fojú bu iye kékeré fún oṣù mélòó kan, ọjọ́ tí wọ́n bá ka mítà gan-an ni gbogbo àjẹsílẹ̀ máa dà lé yín lórí. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ mítà ni, ẹ rántí pé mítà tó ti gbó kì í ka omi tó ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò lálẹ́. Kí táńkì ti kún, ẹ ti gbogbo ẹnu ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà mítà sílẹ̀ títí kan àwọn pupa tó kẹ́yìn. Ẹ má fọwọ́ kan omi fún wákàtí méjì. Bí nọ́ńbà mítà bá yí, omi ń jò. Ẹ wá ti fáàfù ibi tí páìpù ti wọlé: bó bá ṣì ń yí, abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń jò, láàárín mítà sí fáàfù, bó bá dúró, inú ilé ni.

Nínú ilé, táńkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló máa ń jẹ̀bi jù. Ẹ kán aró oúnjẹ sínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fúlọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Bí àwọ̀ náà bá yọ sínú àwo ìsàlẹ̀, rọ́bà ìdí táńkì ti gan, tàbí kó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù rẹ̀ ga jù tí omi fi ń kún bọ́ sínú páìpù àkúnya. Kì í pariwo rárá, àmọ́ lítà kan ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún jẹ́ lítà 288 lójúmọ́, ó ju kúbíìkì mítà mẹ́jọ (lítà 1,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan) lọ lóṣù kan. Rọ́bà yẹn ò sì wọ́n.

Ìbéèrè: Ilé iṣẹ́ omi wa ní páìpù àwọn ti gbó làwọn ṣe fowó kún un. Kí ló kan tiwa níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ó kàn yín. Páìpù onírin máa ń dógùn-ún nínú, ìpẹtà á so kókó kókó títí ihò rẹ̀ á fi há. Kí omi tó gba ibẹ̀ kọjá, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tì í gidigidi, iná mànàmáná tó ń jẹ á sì pọ̀ sí i. Omi tó sì ń jò dànù lójú ọ̀nà, wọ́n ti fi álọ́ọ̀mù àti kilorínì tọ́jú rẹ̀ ná. Ẹ̀yin tí mítà yín ń ṣiṣẹ́ lẹ ń san án. Òru ló burú jù, torí pé nígbà tí kò sẹ́ni tó ń pọn omi, agbára omi inú páìpù á le, ojú tó ti ṣán á wá bẹ́.

Ohun tó ń dùn wá ni kí wọ́n máa lẹ ojú kan náà lọ́dọọdún. Fáàfù tó ń dín agbára omi kù lóru ò lówó lórí tó kí wọ́n hú gbogbo páìpù ìlú, òun ló sì yẹ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè nọ́ńbà méjì lọ́wọ́ wọn: iye omi tó jáde lọ́dún tó kọjá, àti iye tí wọ́n gba owó rẹ̀. Kí wọ́n sọ bí owó tuntun yìí ṣe máa dín àlàfo àárín méjèèjì kù.