Ìlà dúdú lára máńgòrò: ṣé àrùn ni?

Ìbéèrè: Òkun o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Mò ń ra máńgòrò lóko ní agbègbè Ìsánlú, mo sì ń kó o lọ tà ní Lọ́kọ́jà. Bá a ṣe ń já a, ara rẹ̀ dán. Tó bá fi di ọjọ́ kejì, ìlà dúdú á ti ṣàn láti ìdí ọrùn rẹ̀ wálẹ̀ bíi pé iná rà á. Inú rẹ̀ kò bàjẹ́, àmọ́ àwọn oníbàárà kì í san owó gidi. Oògùn wo ni kí n fín sí i?

Ìdáhùn: Òkun o. Ẹ má tíì ra oògùn. Àrùn anthracnose máa ń yọ ní àbàwọ́n roboto tó jìn wọnú díẹ̀, tó sì ń fẹ̀ bí èso ṣe ń pọ́n. Èyí tó bá gba ibi tí omi lè ṣàn gbà, tó sì tètè yọ lẹ́yìn tí ẹ já a bíi tiyín yìí, oje máńgòrò fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń jó o.

Iṣan tín-ín-rín pọ̀ nínú èèpo máńgòrò, oje sì há sínú wọn pinpin. Tí ẹ bá já èso níbi tí ọrùn rẹ̀ ti so mọ́ ọn gan-an, oje náà á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó kọ́kọ́ tú yẹn ló burú jù, torí òun ni òróró pọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tó ń kán tẹ̀lé e kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Òróró yìí á gba ojú ihò kéékèèké tí èso fi ń mí wọlé, á pa èèpo ibẹ̀, ibẹ̀ á sì dúdú bí iṣu tí a bẹ tí a kò rì sómi. Ó ń gba wákàtí mélòó kan kó tó hàn, ìdí nìyẹn tí ẹ kì í fi í rí i lóko.

Nítorí náà, ẹ yé fi gọ̀gọ̀ fà á já. Àlùmọ́gàjí ni kí ẹ fi gé e, kí ẹ fi ọrùn tó tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 sílẹ̀, kí ẹ sì rọra tò ó kí ọrùn náà má ṣẹ́ nínú apẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ ibòòji, ẹ dorí rẹ̀ kodò, kí ẹ wá gé ọrùn náà ku sẹ̀ǹtímítà 1. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí àtẹ onígi tàbí wáyà fún ìṣẹ́jú 20 sí 30. Kì í ṣe lórí ilẹ̀ o, iyẹ̀pẹ̀ á lẹ̀ mọ́ oje; ẹ má sì tò ó lérí ara wọn, kí ti òkè má kán sára ti ìsàlẹ̀.

Èyí tí oje bá ta sí, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ ṣàn án, kí ó gbẹ kí ẹ tó dì í. Omi lásán kì í ṣí òróró. Ẹ má sì fi omi abọ́ kan fọ gbogbo ẹrù: òróró á léfòó, èyí tí ẹ bá sì gbé jáde á tún kó o sára.

Àárọ̀ kùtùkùtù ni oje ń tú jù, torí igi ti mu omi yó mọ́jú. Ẹ jẹ́ kí oòrùn ràn díẹ̀ kí ẹ tó gé e. Èso tí kò gbó náà ń tú oje ju èyí tó gbó lọ.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti aṣọ alápá gígùn, ẹ má sì jẹ́ kó ta sí ojú. Ìdílé kan náà ni máńgòrò àti kaṣú, ẹni tó bá sì ti yan kaṣú rí mọ bí òróró èèpo rẹ̀ ṣe ń bó awọ.

Ti èyí tó ti dúdú ná, kò sí ohun tó ń ṣí i. Ẹ ṣà á sọ́tọ̀ kí ẹ tà á nítòsí lọ́jọ́ náà, tàbí fún àwọn tó ń fún omi èso.